Ọba Wo Ni À Ń Gbàdúrà Fún? Ìjọ Áńgílíkà, Ààfin àti Ìlú ní Ilẹ̀ Yorùbá

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ mọ́ ìtàn, ó jẹ mọ́ ẹ̀sìn, ó sì jẹ mọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú. Òun ni ọ̀rọ̀ àjọṣe tí ó wà láàárín Ìjọ Áńgílíkà àti àwọn ọba wa, àti bí àjọṣe náà ṣe kan ìgbésí ayé gbogbo ìlú.

Ibi tí mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀ ni agbègbè Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tí ó bá rìn láti Sàngó dé àwọn ìletò bí Alápòtí lónìí yóò rí ilé-iṣẹ́ ńláńlá, yóò rí mọ́ṣáláṣí, yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún lósì. Bí ayẹyẹ ìlú bá wáyé, tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé-ìwé tàbí gbọ̀ngàn tuntun, ẹ ó rí i pé ọba ni yóò jókòó sí ipò iwájú, àlùfáà ni yóò gbàdúrà, aṣojú ìjọba ni yóò sì sọ̀rọ̀. Ó ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi í bèèrè bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí á bèèrè.

Nínú Ìwé Àdúrà tí Ìjọ Áńgílíkà ń lò, àdúrà kan wà tí a ń gbà fún ọba. Ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti kọ ìwé náà, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìdíjú nínú rárá. Ọba kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹ wá ronú nípa onígbàgbọ́ kan tí ó kúnlẹ̀ ní Ọ̀tà ní nǹkan bí ọdún 1856. Ọlọ́tà wà ní ààfin rẹ̀, kò jìnnà sí ibi tí onígbàgbọ́ yìí kúnlẹ̀ sí. Àwọn Ẹ̀gbá ti ṣẹ́gun Ọ̀tà láàárín ọdún 1840 sí 1845, wọ́n sì ti fi Okùkẹnù jẹ Aláké ní Abẹ́òkúta ní 1854. Dòsùnmú ń jọba ní Èkó láti 1853. Victoria sì wà ní London, òun ni ìwé náà ní lọ́kàn. Ọba mẹ́rin ni wọ̀nyí. Èwo nínú wọn ni onígbàgbọ́ Ọ̀tà yìí ń gbàdúrà fún?

Ìbéèrè yìí ni òpó tí mo fẹ́ fi gbé ọ̀rọ̀ mi ró. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé okùn tí ó so ìjọ àti ààfin pọ̀ ní ilẹ̀ wa yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ni ó so tiwọn. Ní tiwa, àìní, ẹ̀bùn àti ìwà ọmọlúàbí ni ó so ó. Ìgbà tí olúkúlùkù mọ àyè ara rẹ̀ ni okùn náà gbé ìlú ró. Ìgbà tí ọ̀kan bá sì fẹ́ jókòó sórí ìtẹ́ èkejì ni ó máa ń já.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Ìlú Ọba

Ní ọdún 1534 ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó sọ Ọba Henry Kẹjọ di olórí Ìjọ ilẹ̀ náà, tí ó sì yọ ọwọ́ Póòpù Róòmù kúrò nínú rẹ̀. Ní 1559, lábẹ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní, wọ́n pe oyè náà ní Gómìnà Àgbà fún Ìjọ. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá jọba níbẹ̀ ti ń jẹ oyè méjì pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń yan bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù 26 ni ó ní àyè nínú Ilé Àwọn Olóyè ní ilé aṣòfin wọn. Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Canterbury ni ó sì ń dé ọba ládé. Báyìí ni wọ́n ṣe fún Elizabeth Kejì ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1953, àti fún Charles Kẹta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2023.

Ẹ fi èyí wé tiwa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìdílé tí oyè kàn ni ó ń fa ọmọ oyè kalẹ̀, àwọn afọbajẹ ni ó ń yàn nínú wọn, Ifá ni wọ́n sì máa ń bi léèrè. Ìpèbí ni ọba tuntun ń wọ̀ láti kọ́ ohun tí ó yẹ kí ọba mọ̀. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá dé rárá, ẹ̀yìn tí gbogbo èyí ti parí ni ó ń dé, láti wá bá ọba dúpẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere ẹgbẹ́ C.M.S. gúnlẹ̀ sí èbúté wa, ẹ̀sìn tí ọba ṣe olórí rẹ̀ ni wọ́n gbé wá bá àwọn ọba tí kò ní í ṣe olórí rẹ̀. Wọn kò lè pàṣẹ. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀.

Ìwé láti ọwọ́ Ṣàgbùá, Bíbélì láti ọwọ́ Victoria

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1843 ni Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, olórí ogun tí ó kó àwọn Ẹ̀gbá jọ sábẹ́ Olúmọ, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti tà lẹ́rú tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú omi lọ sí Sierra Leone, ti ń padà bọ̀ wálé ṣáájú rẹ̀. Àwọn ni ó la ọ̀nà. Nígbà tí Townsend padà dé ní 1845 pẹ̀lú Samuel Àjàyí Crowther àti C. A. Gollmer, Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì dí ọ̀nà, Àgbádárìgì ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó títí di 1846 kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta.

Kí ni àwọn olóyè Ẹ̀gbá ń fẹ́ lára àlejò wọ̀nyí? Kì í ṣe ìwàásù nìkan. Àwọn ọ̀tá yí wọn ká. Dàhòmì ń halẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà òkun sì wà lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́ ní Èkó. Ní 1848, Ṣàgbùá, ẹni kan náà tí ó padà di Aláké Okùkẹnù, àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé rán Townsend sí Victoria. Wọ́n dúpẹ́ nítorí àwọn ọmọ wọn tí a gbà kúrò lóko ẹrú, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kí a ṣí ọ̀nà Èkó fún òwò tí ó mọ́. Ní 1849 ni èsì dé. Victoria fi Bíbélì méjì ránṣẹ́, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní èdè Lárúbáwá. Albert ọkọ rẹ̀ sì fi ẹ̀rọ onírin tí a fi ń lọ àgbàdo kún un. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ẹ̀bùn náà rán ni pé òwò nìkan kọ́ ni ó ń sọ orílẹ̀-èdè di ńlá, pé mímọ Ọlọ́run ni.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ẹ̀bùn yìí. Kò sí Bíbélì ní èdè Yorùbá nígbà náà. Ọdún 1850 ni ìtumọ̀ tí Crowther ṣe sí Ìwé sí Àwọn Ará Róòmù jáde, ọdún 1884 ni odindi Bíbélì sì parí. Nítorí náà, ìwé tí púpọ̀ nínú àwọn olóyè kò lè kà ni a fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ṣé wọ́n wá sọ pé kò wúlò? Rárá. Ọba tí ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọba mọ ohun tí ẹ̀bùn náà ń sọ kí ó tó ṣí i wò. Ó ń sọ pé, a ti di ojúlùmọ̀. Bí àwọn olóyè Ẹ̀gbá ti gbọ́ ọ nìyẹn, wọn kò sì ṣi gbọ́.

Nínú oṣù Kẹta 1851, Dàhòmì gbógun wá, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Crowther dúró níwájú Victoria àti Albert, ó sọ ipò tí Èkó àti Abẹ́òkúta wà fún wọn. Ní oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sá, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Àwọn ajíhìnrere wà lára àwọn tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojúlùmọ̀ tí ó ní ìbọn lọ́wọ́, ojúlùmọ̀ tí à ń ṣọ́ ni. Ní 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá lọ́wọ́ Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè tí àwọn fúnra wọn fi jọba. Ọkàn Ẹ̀gbá kò balẹ̀ mọ́. Lójú wọn, aṣọ ajíhìnrere àti aṣọ gómìnà wá jọ ara wọn. Ní oṣù Kẹwàá 1867 ni rúkèrúdò tí wọ́n ń pè ní Ifọ́lé bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, wọ́n wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo òyìnbó sì kúrò ní Abẹ́òkúta. Ìwé Ìròyìn, tí Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1859, tí ó jẹ́ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, parẹ́ nínú rúkèrúdò náà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá ni ó bá wọn lọ. Òyìnbó lọ, ìjọ kù sílé. Ìgbà yìí ni ó kọ́kọ́ hàn gbangba pé ìjọ lè wà láìfi ara mọ́ ọba òkè òkun.

Ọ̀tà àti àlejò tí ó pẹ́

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí Ọ̀tà, nítorí ìlú kékeré máa ń fi ohun tí ìlú ńlá fi ariwo bò mọ́lẹ̀ hàn. Ọ̀tà wà lójú ọ̀nà láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta. Ẹni tí C.M.S. fi síbẹ̀ ni James White, ọmọ Yorùbá láti Sierra Leone, ó sì lo ohun tí ó lé ní 30 ọdún níbẹ̀ títí tí ó fi kú ní 1890. Kò ní ọkọ̀ ogun. Kò ní gómìnà lẹ́yìn. Ìjọ rẹ̀ kò pọ̀ bí ti Abẹ́òkúta. Ojoojúmọ́ ni ó ń gbé láàárín àwọn tí kò gba ẹ̀sìn rẹ̀, nínú ìlú tí ọba rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìjọ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé ó ń kọ̀wé. Àwọn ìwé tí ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ wà lónìí nínú àkójọ ìwé C.M.S. ní Yunifásítì Birmingham. Ó kọ nípa ọdún ìbílẹ̀, ó kọ nípa àríyànjiyàn òun àti àwọn ará ìlú lórí òrìṣà àti Ifá. Ó fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀. Ìwé tirẹ̀ ni ó sì wá di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àwọn òpìtàn ti ń rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gègé tí ó mú láti fi bá àṣà jà ni ó bá wa tọ́jú àṣà.

Ní ti ọba tí à ń gbàdúrà fún, ẹ wo ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sọ. Àdéhùn tí wọ́n bá Dòsùnmú ṣe ní 1861 dá lórí erékùṣù àti èbúté Èkó. Ọ̀tà kò sí nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, nígbà tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, tí ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ ẹ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà, ìwé àṣẹ tí Victoria fi sílẹ̀ fún un sọ pé àwọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lẹ́yìn ààlà ìjọba òun ni yóò ti ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ọbabìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ìjọ òun lè wà níbi tí òun kò ti jọba. Níbẹ̀, ẹlòmíràn ni ọba. Àjọ náà kò tilẹ̀ fi Abẹ́òkúta sábẹ́ Crowther, nítorí pé Townsend kò fẹ́ kí a fi aláwọ̀ dúdú ṣe olórí òyìnbó. Ẹ̀yí náà jẹ́ ara ìtàn tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́.

Ohun tí èdè wa fi hàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n fi èdè, tí í ṣe iṣẹ́ mi, wo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi túmọ̀ Bíbélì, ọ̀nà méjì ni wọ́n rí ní iwájú wọn. Ọ̀kan já sí mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú àlùfáà, àdúrà àti wòólì, àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè wa ti yá láti inú èdè Lárúbáwá kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ìkejì já sí ààfin. Ibẹ̀ ni adé, ìtẹ́, ọ̀pá àṣẹ àti ìjọba ti wọ inú Bíbélì. Títí di òní, onígbàgbọ́ tí ó bá ń gbàdúrà kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ń pe Ọlọ́run ní Kábíyèsí. Kábíyèsí! Ẹni tí a kò lè bi pé èé ṣe. Oríkì ààfin ni.

Nítorí náà, kí ọba Yorùbá kan tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, èdè rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àwọn Yorùbá sì sọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlú Ọba, bí ẹni pé kò sí ọba ní Ọ̀yọ́, ní Ifẹ̀ tàbí ní Ọ̀tà. Ẹ rí bí èdè ṣe ń tú àṣírí agbára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀: ìjọ àti ìjọba. Bí ojú bá wò wọ́n lórí pátákó, yóò dà bí ẹni pé ìjọ wà nínú ìjọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọ ti inú jọ wá, bí a ti ń sọ pé a jọ ń lọ, a jọ ń jẹun. Ìjọba ti inú jẹ ọba wá. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tí ó péjọ, èkejì jẹ́ ti ẹni tí ó jẹ oyè. Lẹ́tà wọn jọra, gbòǹgbò wọn yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1534 fi ìjọ sínú ìjọba. Ní tiwa, àfi ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ni yóò rò pé ó wà níbẹ̀.

Ìjọ náà sì yá àṣà lọ́wọ́ ààfin ní ọ̀nà mìíràn. Kò sí Baba Ìjọ àti Ìyá Ìjọ nínú Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ni a dá a sílẹ̀. Bí ìlú ti ní olóyè, tí àwọn olóyè sì ní ọ̀tún àti òsì, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ náà ń fi àgbà jẹ oyè, tí a ń wúyè fún wọn, tí a ń lù, tí a ń jó. Ìjọ tí ó wá láti ìlú aládé ti di ìlú olóyè.

Àlùfáà gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ àlàáfíà

Ibi tí àjọṣe ìjọ àti ààfin ti dára jù lójú mi ni ọ̀rọ̀ ogun Kírìjí. Ogun yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ó sì ń jà títí tí àgbẹ̀ kò fi lè ro oko, tí ọ̀nà òwò sì di títì. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní kọ̀wé sí gómìnà Èkó pé kí ó wá bá wọn dá sí i. Samuel Johnson, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ C.M.S., ni ó mú ìwé náà lọ. Ní 1886, òun àti Charles Phillips tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó ni gómìnà Moloney rán lọ sí àwọn ibùdó ogun méjèèjì. Ọmọ Sàró ni àwọn méjèèjì. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń kọ àdéhùn. Wọ́n rìn láti ibùdó dé ibùdó títí tí àwọn jagunjagun fi gbà láti sinmi ogun ní ọdún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ká tán.

Kí ni ó mú kí wọ́n lè ṣe é? Wọn kò jẹ oyè lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ń jà. Ọba lè fọkàn tán wọn nítorí pé wọn kò du ipò ọba. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí á pọ́n ọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àdéhùn 1886 sọ gómìnà Èkó di onílàjà fún àwọn ọba wa, onílàjà náà sì di ọ̀gá nígbà tí ó yá. Ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, kò sì pẹ́ tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn fi ń wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí níbẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àlùfáà tí ó gbé ọ̀rọ̀ Aláàfin lọ Èkó ni ó gbé ìtàn Aláàfin dé ọwọ́ wa.

Ìpèbí, Ògbóni àti pẹpẹ

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé, ilé-ìwé ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn tí yóò jọba. Ẹ wo Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó jọba ní Ifẹ̀ láti 1930 títí di 1980. Ọmọ ilé-ìwé Áńgílíkà ni. Ní 1960 ni ó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó wà ní ipò náà. Ní ara ẹni kan ṣoṣo, a rí adé Odùduwà, ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ipò tí òyìnbó dá sílẹ̀. Irú ọba báyìí ni ó jẹ́ kí ìsìn ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìwúyè di àṣà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ìpèbí ni ó ń sọni di ọba. Ṣọ́ọ̀ṣì ń dúpẹ́ pé a ti dì í.

Àwọn kan fẹ́ so okùn náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1914, àlùfáà Áńgílíkà kan, T. A. J. Ògúnbíyì, dá Ẹgbẹ́ Ògbóni ti Onígbàgbọ́ sílẹ̀, tí a wá mọ̀ ní Ògbóni Àtúnṣe láti 1934. Èrò rẹ̀ yé ènìyàn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, pàápàá láàárín Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, àwọn àgbà Ògbóni tàbí Òṣùgbó ni ó ń dá ọba lẹ́kun; onígbàgbọ́ tí kò bá sí níbẹ̀ kò sí níbi tí a ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtàkì wọ ẹgbẹ́ náà. Síbẹ̀, ìjọ padà kọ̀ ọ́, ó ní ẹnì kan kò lè mulẹ̀ níbì kan kí ó sì gba ara Olúwa níbòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ààlà ìjọ àti ààfin ṣe ṣòro láti fà tó, ẹ ka ìtàn yìí dáadáa.

Òmìnira ìjọ, àti ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1951 ni ìjọ Áńgílíkà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà di ẹkùn tí ó ń ṣàkóso ara rẹ̀. Ní 1963 ni Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́. Àdúrà fún Elizabeth di àdúrà fún àwọn aláṣẹ ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1979 ni Ìjọ Nàìjíríà dá dúró lábẹ́ Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Timothy Olúfóṣoyè. Ní 2005, ó tún òfin rẹ̀ ṣe kí ìdàpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjọ yòókù má baà rọ̀ mọ́ Canterbury mọ́. Ní 2009 ni agbègbè Ọ̀tà, tí ó ti wà lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn láti ayé White, wá ní Dáyósíìsì Àwórì tirẹ̀.

Ìjọ wa bọ́ lọ́wọ́ ọba òkè òkun. Ṣé ó bọ́ lọ́wọ́ agbára ilé? Lẹ́yìn tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, Olórí Bíṣọ́ọ̀bù Abíọ́dún Adétìlóyè àti Bíṣọ́ọ̀bù Bọ́láńlé Gbónigi ti Àkúrẹ́ wà lára àwọn tí kò pa ẹnu mọ́. Ìyẹn jẹ́ iyì. Ṣùgbọ́n a tún mọ ìjọ tí àga iwájú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó lówó, tí a kì í bi Baba Ìjọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Ìjọ tí ó bá ń ta oyè ti di ààfin tí kò ní afọbajẹ.

Ẹjọ́ mìíràn sì wà nílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn gan-an. Òfin tí ìpínlẹ̀ yìí ṣe ní 2021 lórí ìwúyè àti ìsìnkú àwọn ọba fi àyè sílẹ̀ kí a sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn tirẹ̀. Nígbà tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà wàjà ní oṣù Keje 2025, ìlànà Mùsùlùmí ni wọ́n fi sin ín, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì fi ẹ̀hónú hàn. Mùsùlùmí ni ọba náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kan ọba tí ó jẹ́ ọmọ Áńgílíkà bákan náà. Ta ni ó ni òkú ọba? Àwọn kan ní ọba jẹ́ ènìyàn, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn rẹ̀ láàyè àti lójú oorì. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó wọ ìpèbí ti kúrò ní ẹnì kan, ó ti di ti gbogbo ìlú, kò sì yẹ kí ó fi ojú orórì sẹ́ ohun tí ó fi jẹ oyè. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ìwọ̀n. Ohun tí ìtàn lè fi kún un ni pé láti 1843 ni àdéhùn àìkọsílẹ̀ kan ti wà: ìlú a fi ọba jẹ, ìjọ a dúpẹ́. Bí ìjọ, tàbí mọ́ṣáláṣí, bá fẹ́ gba òkú, ó yẹ kí ó bá àwọn tí ó fi ọba jẹ jókòó sọ ọ́ nígbà tí ọba ṣì wà láàyè. Òfin lè fún ni ní ẹ̀tọ́. Ìjókòó àgbà nìkan ni ó lè fún ìlú ní àlàáfíà.

Ọba wo, nígbà náà, ni à ń gbàdúrà fún? Onígbàgbọ́ Ọ̀tà ti ọdún 1856 lè ti dárúkọ Victoria pẹ̀lú ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ó ti dìde lórí eékún, ilẹ̀ Ọlọ́tà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, ọjà Ọlọ́tà ni ó ná, bí ìlú bá dàrú, orí òun náà ni yóò dàrú lé. Ọba tí ìwà àti ìdájọ́ rẹ̀ ń kan ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni àdúrà náà wà fún, ì báà wọ adé, ì báà dé fìlà ológun, ì báà jẹ́ gómìnà tí a dìbò yàn.

Ẹni tí ó bá sì ń gbàdúrà fún ọba kò gbọdọ̀ bẹ̀rù láti bá a sọ̀rọ̀. Ààfin Dáfídì ni Nátánì ń wọ̀ jáde, síbẹ̀ nígbà tí Dáfídì gba aya aláìní, Nátánì náà ni ó nàka sí i. Kò du ìtẹ́ rẹ̀, kò sì ta ahọ́n rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn ajíhìnrere, ẹ má ṣe dúró lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé àti ọdún tí ó dé. Ẹ bi wọ́n pé, nínú gbogbo àwọn tí ó wọ ààfin, àwọn wo ni ó lè sọ òótọ́ fún ọba kí ọba sì tún ránṣẹ́ pè wọ́n lọ́jọ́ kejì?